Kì í ṣe kòkòrò ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Yèyé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìjerò-Èkìtì la wà. Yèyé mi ń gba abẹ́rẹ́ tó ń mú egungun le nítorí jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n yọ eyín ìsàlẹ̀ kan fún wọn lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ojú ibẹ̀ kò jiná, ó ń rùn. Ẹnì kan tó ń tọ́jú eyín lọ́jà ti yọ kòkòrò funfun mẹ́ta níbẹ̀. Oògùn wo ló lè pa èyí tó kù? Àbí kí wọ́n yọ eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹni yẹn fọwọ́ kan ẹnu Yèyé mọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí léèrè kòkòrò eyín, ó sì ń dùn mí, torí bí wọ́n ṣe ń wá kòkòrò kiri ni egungun ń kú sí i. Ohun funfun tó yọ yẹn, bó bá jẹ́ pé ẹnu Yèyé ló ti jáde lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èérún egungun tó ti kú. Mo ti mú irú rẹ̀ lọ́wọ́ rí: ó gbẹ, ó fúyẹ́, ó dà bí èérún làfún, kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ rárá. Egungun tó wà láàyè máa ń ṣẹ̀jẹ̀.

Egungun a máa wó ara rẹ̀, a sì máa tún ara rẹ̀ kọ́. Abẹ́rẹ́ bíi zoledronic acid tàbí denosumab ń dá ìwólulẹ̀ yẹn dúró, kí jẹjẹrẹ má baà rí egungun jẹ. Ṣùgbọ́n ẹran tó bo egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́, ìdọ̀tí ẹnu sì wà nítòsí. Bí wọ́n bá yọ eyín, egungun tó bàjẹ́ kò rí ohun tí yóò kó o kúrò. Láti ọdún 2003 la ti ń kọ̀wé nípa àìsàn yìí, ìyẹn kí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kú nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí egungun bá hàn síta ju ọ̀sẹ̀ 8 lọ, tí wọn kò sì fi ìtànṣán tọ́jú ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà rí, òun la máa ń fura sí.

Bó bá kéré, oògùn tí wọ́n fi ń fọ ẹnu àti oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí (antibiotic) lè tó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó gé egungun tó kú títí a ó fi kan èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, a ó mú etí egungun náà dán, a ó sì fi ẹran bò ó, a ó rán an. Èyí tó bá ti gbilẹ̀ tàbí tó ti ṣẹ́ lè gba pé kí a gé apá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò, kí a sì fi irin dè é.

Eyín ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Ẹ má yọ ọ́. Bó bá wà nínú egungun tó kú, oníṣẹ́ abẹ ni yóò pinnu. Ẹ má sì dá abẹ́rẹ́ dúró fúnra yín. Bó bá jẹ́ denosumab ni, egungun ẹ̀yìn lè bẹ̀rẹ̀ sí fọ́.

N kò tíì rí ẹnu Yèyé, a sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ ló dé ibẹ̀. Ìdó-Èkìtì kò jìnnà sí yín, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ mú páálí abẹ́rẹ́ náà dání, àti ohun funfun yẹn bó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín.