Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Oníkámẹ́rà: Kí Lo Rí Lára Fọ́tò Yẹn Gan-an?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa kan tá a jọ ń ya fọ́tò n'Íbàdàn máa ń fi iṣẹ́ wa ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sọ ju "ó dáa" lọ. Iṣẹ́ àwọn kan wù mí gan-an, tí n bá wá fẹ́ yìn wọ́n ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu mi. Ẹnì kan tiẹ̀ ní tí mo bá ń yin ẹlẹgbẹ́ mi, kọ́sítọ́mà mi á lọ bá a. Báwo ni kí n ṣe é? (Oníkámẹ́rà, Ìbàdàn)

ÈSÌ: Àbúrò mi, ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́mà kúrò ńlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọwọ́ ẹlòmíì á lọ bá a, bóo yìn ín bóò yìn ín, àti pé lọ́jọ́ Sátidé tẹ́ni yẹn bá ti gba ìgbéyàwó méjì, ta lo rò pé ó máa pè kó bá òun mú ọ̀kan? Ẹni tó mọyì iṣẹ́ ẹ̀ ni, torí ó mọ̀ pé ojú ẹ ríran.

Wọ́n ní yinniyinni kẹ́ni ṣèmíì, àmọ́ tóo bá kàn ní "ó dáa", èwo ló fẹ́ ṣe ní èmíì? Kò mọ èyí tóo rí! Mú fọ́tò ìyàwó tó wọ léèsì funfun, gèlè funfun, tó dúró síwájú ògiri funfun. Ìwọ náà mọ nǹkan tí kámẹ́rà máa ń ṣe níbẹ̀, gbogbo nǹkan ló fẹ́ sọ di àwọ̀ eérú, tó bá ti rí funfun tó pọ̀ á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á bá dín in kù, léèsì á rí bí eérú, ojú ìyàwó á wá ṣú débi tóò ní rí ẹyinjú ẹ̀. Tóo bá wá rí tẹlẹgbẹ́ ẹ tí léèsì ẹ̀ funfun báláú, tí gbogbo ihò ara ẹ̀ ṣì hàn, tí awọ ojú ìyàwó dúdú tó ń dán, kò ṣèèṣì o, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ kún un ni, ó sì dúró kí funfun ẹ̀ tó jóná, ìyẹn kí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ débi tí ihò léèsì ò ní hàn mọ́. Sọ fún un bẹ́ẹ̀: "Bóo ṣe di ojú ẹ̀ mú tí léèsì ò bọ́ yẹn, mo rí i o. Ṣé wíńdò lo kọjú ẹ̀ sí ni àbí fíláàṣì?" Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ ayàwòrán ju ọgọ́rùn-ún láìkì lọ, ìwọ náà á sì rí nǹkan kọ́.

Ṣáà fara balẹ̀ wò ó. Bàbá ayàwòrán wa, J.D. 'Okhai Ojeikere (1930 sí 2014), bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin wa ní 1968, bí ẹgbẹ̀rún kan ló yà, ìpàkọ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Wo irun tí wọ́n ń pè ní Onílé Gogoro tó yà ní 1975, kóo wo bí ẹ̀yìn ibẹ̀ ṣe mọ́, kò sí nǹkan tó ń bá irun yẹn du ojú ẹ. Lójú tèmi, ṣe ló ń yin onídìrí. Irun á tú, fọ́tò ló kù.

Tóo bá rí ibi tó kù sí, má sọ ọ́ lójú gbogbo ayé, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kóo kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ gbọ́.

ÌBÉÈRÈ: Tí fọ́tò ọ̀gá kan bá wù mí tí mo lọ ya irú ẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣé olè ni mo jà? (Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta)

ÈSÌ: Rárá o, ìyá wa, tẹ́ ẹ bá ṣáà ti dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ wò. Lọ́dún 2016 tí ayàwòrán TY Bello ya olórin Tinie Tempah, iṣẹ́ Samuel Fosso, ayàwòrán bíi tiẹ̀, ló wò ya á, kò sì fi pa mọ́, ibẹ̀ náà ni Olajumoke tó ń kiri búrẹ́dì nígbà náà ti gba kọjá tó bọ́ sínú fọ́tò. Èyí tó burú ni kéèyàn gé orúkọ ẹni tó ya fọ́tò kúrò lára ẹ̀ kó wá gbé e síta bíi tiẹ̀. Tiyín, ẹ kọ orúkọ ọ̀gá yẹn sábẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ní nọ́ńbà ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí i kóun náà rí i.