Ẹ Bi Wá: Kí Ẹ Tó Sanwó Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi to kọ̀ǹpútà orí tábìlì fún ìgbà àkọ́kọ́, kí n lè máa fi ṣe iṣẹ́ fídíò. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí: processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5600 tuntun, motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́) B450 tòkunbọ̀ láti Computer Village n'Íkẹjà, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) DDR5 16GB ẹyọ kan, SSD NVMe (ibi ìpamọ́) 1TB, àti kéèsì tí wọ́n ti fi power supply (ẹ̀rọ tó ń pín iná) 500W sínú rẹ̀. Owó káàdì fídíò ò tíì sí lọ́wọ́. Mo fẹ́ máa fi wáyà monitor sí ara motherboard ná. Ṣé wọ́n á bára wọn mu? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. Bí ẹ bá rà wọ́n bí ẹ ṣe kọ wọ́n yìí, RAM ò ní wọlé, monitor ò sì ní gbé àwòrán kankan wá.

Ihò processor tó ń jẹ́ AM4 ni B450 ní, RAM DDR4, ìran tó ṣáájú DDR5, nìkan ni AM4 sì ń lò. DDR4 àti DDR5 gùn bákan náà, ẹsẹ̀ 288 ni méjèèjì ní, àmọ́ ojú ibi tí wọ́n gé nísàlẹ̀ wọn kò dọ́gba. Ẹni tó bá fi tipátipá tì í á ba ihò RAM jẹ́. Ẹ ra DDR4 3200, kó jẹ́ 8GB méjì dípò 16GB kan, kí processor lè máa gba ojú ọ̀nà méjì kà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ihò RAM bá jẹ́ mẹ́rin, ìkejì àti ìkẹrin ni kí ẹ fi wọ́n sí, tí ẹ bá ń kà láti ẹ̀gbẹ́ processor. Bí ó bá kọ́kọ́ ń sáré ní 2133 tàbí 2400, kò bàjẹ́. Ẹ wọ BIOS (ètò inú motherboard tó ń jí kọ̀ǹpútà), kí ẹ tan XMP, tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sí i.

Ti àwòrán ló máa ń dààmú àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́ jù. Ihò HDMI tó wà lára motherboard, tí wáyà monitor ń wọ̀, kì í dá àwòrán ṣe. Inú processor ló ti ń gbà á, Ryzen 5 5600 ò sì ní ẹ̀yà tó ń ṣe àwòrán. Fáànù á máa yí, iná á máa tàn, monitor á dúdú kirikiri, wọ́n á wá ní motherboard ló kú. Ryzen 5 5600G, tó ní ẹ̀yà àwòrán nínú, ni kí ẹ rà bí kò bá sí owó káàdì. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni pé cache L3 rẹ̀ (ìrántí kékeré inú processor) jẹ́ 16MB, ti 5600 sì jẹ́ 32MB. Lọ́dọ̀ Intel, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe processor, lẹ́tà F tó bá kẹ́yìn orúkọ, bíi i5-12400F, ìkìlọ̀ kan náà ló ń ṣe: kò sí àwòrán nínú rẹ̀.

Ó wá ku BIOS. Ọdún 2018 ni B450 jáde, Ryzen 5000 kò sì dé títí di ìparí ọdún 2020. Ihò kan náà ni, àmọ́ board tí wọn ò tíì sọ BIOS rẹ̀ di tuntun ò ní dá processor náà mọ̀. Ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà revision tí wọ́n tẹ̀ sára board, ẹ lọ sí ojú ewé CPU Support ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ wá processor yín. Nọ́ńbà BIOS tó yẹ wà níwájú rẹ̀. Ẹ ní kí òǹtajà fi processor àtijọ́ tan board náà níṣojú yín, kí ẹ rí nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀. Bí kò bá tó, kó ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lórí inverter tàbí UPS. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yẹn, board lè má jí mọ́.

SSD yín kò ní wàhálà, bí board bá ṣáà ti ní ihò M.2 tó gba NVMe.

Ní ti power supply, ẹ má gbára lé 500W tí wọ́n kọ gàdàgbà sí i. Ẹ wo ìlà 12V lára rẹ̀, kí ẹ fi 12 sọ iye A (ampere) tó wà níbẹ̀ di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ 25A, 300W péré ló lè fún processor àti káàdì. Bí ẹ bá máa ra káàdì fídíò RTX 3060 lọ́jọ́ iwájú, 170W ni òun nìkan ń jẹ, power supply 550W ni Nvidia tó ṣe é sì ní ká lò. Bí bọ́tìnnì pupa bá wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fi 115 hàn, ẹ tì í sí 230 kí ẹ tó kì í bọ iná ilé wa. Àìṣe bẹ́ẹ̀, á bú gbàù. Bí wáyà rẹ̀ bá sì jẹ́ irú tó ń yọ, ẹ má fi wáyà power supply mìíràn rọ́pò rẹ̀, bó ti wù kó wọlé tó. Ìtò wọn yàtọ̀: 12V lè gba ibi tó yẹ kí 5V gbà, SSD á sì jóná lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè: H110 ni motherboard mi, processor i3-6100 ló wà nínú rẹ̀. Mo rí i5-8400, ihò LGA1151 ni òun náà ń lò bíi tèmi. Ṣé kí n rà á? — Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Rárá o. Á wọlé, kò ní jí. Nígbà tí Intel gbé ìran kẹjọ, tí i5-8400 wà nínú rẹ̀, jáde ní 2017, wọ́n yí iṣẹ́ àwọn ẹsẹ̀ kan padà, wọ́n sì fi orúkọ ihò náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Motherboard H310, B360, Z370 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ni ìran kẹjọ àti ìkẹsàn-án ń fẹ́. Ẹ ra i5-6500, tàbí i5-7500 bí BIOS yín bá ti mọ ìran keje. Core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor) mẹ́rin ni ìkọ̀ọ̀kan wọn ní, méjì ni i3 yín ní.

Ìbéèrè: Mo to temi tán. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì, fáànù á yí díẹ̀, á kú. Motherboard micro-ATX ni, kéèsì ńlá ATX ni mo fi í sí. — Òǹkàwé kan, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ẹsẹ̀ onídẹ kéékèèké tí board dúró lé. ATX gùn tó 305mm, micro-ATX kò ju 244mm lọ, nítorí náà ihò síkíírù wọn ò pé iye kan náà. Ẹsẹ̀ tí kò ní ihò lókè orí rẹ̀ á fara kan ìsàlẹ̀ board, iná á ṣẹ́ sí ara kéèsì, power supply á sì pa ara rẹ̀. Ẹ tú board náà jáde, ẹ gbé e lé páálí rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá fàdákà tó bá a wá. Processor àti fáànù rẹ̀, RAM kan, wáyà ẹlẹ́sẹ̀ 24 àti wáyà processor ẹlẹ́sẹ̀ 8 nìkan ni kí ẹ fi sí i. Ẹ fi orí screwdriver kan ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n kọ PWR_SW sí (ibi tí wáyà bọ́tìnnì ìtanná ń wọ̀) papọ̀ fìrí. Bí kò bá kú mọ́, ẹ yọ ẹsẹ̀ onídẹ tó ṣẹ́kù nínú kéèsì kí ẹ tó dá board padà. Bí ó bá ṣì ń kú lórí páálí, ẹ pààrọ̀ RAM, kí ẹ sì yá power supply mìíràn dán an wò, kí ẹ tó gbé board padà lọ bá ẹni tó tà á.