Èsì: Fífẹ́ atẹ́gùn sí kásẹ́ẹ̀tì géèmù

Àbúrò, o bèèrè bóyá lóòótọ́ la máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí kásẹ́ẹ̀tì géèmù kó tó ṣiṣẹ́, àti géèmù wo ló gbayì n'Ìbàdàn nígbà náà. Òótọ́ ni o! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa á wú bíi ti afunfèrè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èémí yẹn ló ń tún un ṣe. Yíyọ tá a yọ ọ́, tá a tún un kì bọ̀ ọ́, ló ń jẹ́ kí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀ kan ti inú ẹ̀rọ dáadáa. Ọ̀rinrin ẹnu wa gan-an ló ń mú wọn dípẹtà. Bó o bá rí ọ̀kan rà, òwú àti sípíríìtì ni kó o fi nù ún, kó o jẹ́ kó gbẹ.

Ní àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, Brick Game ló gbayì, ẹ̀rọ géèmù kékeré tá a máa ń fọwọ́ mú, eléyìí tí wọ́n kọ "9999 in 1" sí lára. Irọ́ gbáà! Géèmù díẹ̀ náà ni, wọ́n kàn ń yí ìyára àti ipele rẹ̀ padà ni. Tetris, géèmù títo búlọ́ọ̀kù tó ń já bọ̀ láti òkè, ló dùn jù níbẹ̀, èyí tí Alexey Pajitnov ṣe ní Mọ́sìkò lọ́dún 1984.

Game Boy, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú ti 1989? Ọmọ olówó ló ní in. Bátìrì mẹ́rin ló ń jẹ, kò sì ní iná lójú. Bí NEPA bá ṣe tiwọn, àfi kó o lọ jókòó ti àtùpà.

Sega, ẹ̀rọ géèmù tá a máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ló ń dá ìjà sílẹ̀ nílé. Ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í tọ́jú ibi tó o dé, nítorí náà a ó pa tẹlifíṣọ̀n, a ò ní pa ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀, a ó wá fi aṣọ bò ó kí màámi má baà rí i.