Ìrora ti lọ, orúnkún kò tíì sàn: ìdáhùn sí ìyá kan ní Kétu

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé. Alùpùpù gbé ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 23, ṣubú. Okùn inú orúnkún rẹ̀ já, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Kútọnu. Ó di ọ̀sẹ̀ 9 báyìí. Ó ti lọ sọ́dọ̀ kíné, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, lẹ́ẹ̀mejìlá. Kò dùn ún mọ́, kò wú, ó ń rìn dáadáa. Kóòṣì kan ní sáàlù àdúgbò wa, níbi tí wọ́n ti ń gbé irin, ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, òun á parí èyí tó kù, owó rẹ̀ kò sì tó ti kíné. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ? Ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kí ọdún tó parí.

ÌDÁHÙN: Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kíné ni mí, n kì í ṣe dókítà. Àjàṣẹ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ń béèrè bóyá kóòṣì lè gba ipò kíné. Kò lè gbà á. Ṣùgbọ́n ó lè bá kíné ṣe é, ó sì yẹ kó bá a ṣe é bí àsìkò rẹ̀ bá tó. Ìbéèrè irú èyí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, gbólóhùn kan náà ló sì máa ń wà nínú gbogbo wọn: "kò dùn ún mọ́." Gbólóhùn yẹn ti ba orúnkún púpọ̀ jẹ́.

Okùn tó já yẹn, tí ìwé ilé ìwòsàn ń pè ní LCA, a kì í sábà rán an pọ̀ bí aṣọ. Iṣan díẹ̀ ni oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń mú láti ẹ̀yìn itan tàbí iwájú orúnkún, tí á fi rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í síbẹ̀, iṣan náà le. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló ń rọ̀. Wọ́n ti gé e kúrò níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ́ ọ, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń kú, ara sì ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tuntun sínú rẹ̀, ó ń tún un hun díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo igi tí a hú lóko kan tí a lọ gbìn sí òmíràn: ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ rọ kí gbòǹgbò tó mú ilẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ni àwa máa ń ṣọ́ okùn yìí jù. Àsìkò yẹn náà ni ojú abẹ ti jiná, tí wíwú ti lọ, tí ìrora ti lọ. Ìyá, ìgbà tí orúnkún bá dákẹ́ jù lọ, ìgbà náà ni okùn inú rẹ̀ kò lágbára. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ yín wà lónìí.

Ẹ tún mú okùn ìwọ̀n télọ̀, kí ẹ wọn itan rẹ̀ méjèèjì níbi tó jìnnà bákan náà sókè orúnkún. Ó ṣeé ṣe kí ti ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kéré. Kò dùn ún, ṣùgbọ́n ẹran itan tó yẹ kó gba orúnkún dúró ti jò.

Mo ti tọ́jú ọmọkùnrin kan bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹta pé, kò rí ìrora, ó gba sáàlù kan lọ, wọ́n ní kó máa fò lórí àpótí. Okùn tuntun náà já, ó tún padà sábẹ́ ọ̀bẹ. Inú bí mi sí kóòṣì yẹn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi wà lọ́wọ́ èmi náà: n kò kọ lẹ́tà kankan sí i. Kò mọ irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe, kò mọ ọjọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, aláìsàn mi kì í lọ sí sáàlù láìmú ìwé mi lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ padà sọ́dọ̀ kíné yín, kí ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀: iṣẹ́ abẹ wo ni, ọjọ́ wo ni, ohun tí ọmọ lè ṣe, ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún un báyìí, àti nọ́ńbà tí kóòṣì lè pè. Lára èèwọ̀ ìsinsìnyí ni fífò, sísá kí a yí padà lójijì, àti ẹ̀rọ tí a ń jókòó sí tí a ń fi ojúgun gbé irin wúwo títí ẹsẹ̀ á fi nà tán. Kí kóòṣì má fà á, kí ó má tẹ orúnkún náà, kí ó má fún un lóògùn. Kóòṣì tó bá gba ìwé yẹn tó kà á, tó sì pe kíné, ẹ dì í mú. Irú wọn wúlò gan-an. Èmi lè rí ọmọ yín fún ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀. Òun lè rí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì mọ bí a ṣe ń fi irin kún irin kí itan lè padà sípò. Èyí tó bá ní "jẹ́ kó dùn ọ́, ibẹ̀ ni agbára wà", ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ fún un. Ní ti owó, ẹ béèrè bóyá kíné lè máa rí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kí kóòṣì ṣe ìyókù.

N kò fojú rí orúnkún yìí o. Bí wọ́n bá rán nǹkan mìíràn mọ́ ọn nínú, òfin rẹ̀ lè yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ abẹ rẹ̀ ló borí tèmi. Bí orúnkún bá tún wú lẹ́yìn ìdárayá, tàbí tó ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kó dúró, kó lọ rí kíné. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó gbóná, tó ń dùn ún, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi òrí pa á, ẹ má sì wọ́ ọ.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ìwádìí kan tí àwọn ará Norway tẹ̀ jáde ní 2016 rí i pé oṣù kọ̀ọ̀kan tí eléré bá fi kún sùúrù rẹ̀, títí dé oṣù 9, ń dín ewu ìpalára tuntun kù tó ìdajì. Nítorí náà, kó máà kan bọ́ọ̀lù kí oṣù 9 tó pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bó bá sì pé, kó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fò níwájú kíné: bí ibi tí ẹsẹ̀ abẹ fò dé kò bá tó ìdá 90 nínú 100 ti ìkejì, kó máa bá irin lọ.