Hibiki, Yamazaki àti From the Barrel: ẹ mú agbára wọn dọ́gba kí ẹ tó dájọ́

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ẹnì kan ra wisikí Jàpáànì méjì, Hibiki Japanese Harmony ti ilé-iṣẹ́ Suntory àti From the Barrel ti ilé-iṣẹ́ Nikka, ó tọ́ méjèèjì wò lálẹ́ kan náà, ó ní Hibiki "rí bí omi", pé From the Barrel ló láyà. Ó wá ń béèrè bóyá kó kúkú fi owó kún owó kó ra Yamazaki 12, single malt ọlọ́dún méjìlá ti Suntory, torí àwọn kan ti sọ fún un pé single malt (ọtí báálì láti ilé ìpọntí kan ṣoṣo) nìkan ló ń jẹ́ wisikí, pé àdàlù lásán ni blend.

Ẹ jẹ́ ká wo ara ìgò ná. Hibiki Harmony jẹ́ 43%. From the Barrel jẹ́ 51.4%. Agbára ọtí ni ẹ̀gbọ́n wa fi wé ara wọn yẹn, kò tíì dé orí adùn. Ọtí tó bá le máa ń ta ahọ́n, ó máa ń gba gbogbo ẹnu kan, ẹni tó ń mu ún á sì gbà pé òun ló kún jù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó dùn lóòótọ́, ẹ bu omi sí èyí tó le títí wọ́n á fi dọ́gba.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi agbára tó wà lára ìgò ṣe ìsọdipúpọ̀ iye ọtí tí ẹ bù, kí ẹ pín in sí agbára tí ẹ fẹ́; ohun tó bá fi lé lórí iye tí ẹ bù ni omi tí ẹ máa fi sí i. Ẹ bu 20 ml From the Barrel: 20 × 51.4 ÷ 43 jẹ́ 23.9, omi rẹ̀ á jẹ́ 3.9 ml. Yoichi àti Miyagikyo, malt méjì ti Nikka, tí kò kọ ọdún sára jẹ́ 45%, 0.9 ml ló tó fún 20 ml. Nikka Frontier tó jáde ní 2024 jẹ́ 48%, ẹ fi 2.3 ml sí i. Bí Kakubin, blend Suntory tó jẹ́ 40%, bá wà láàárín wọn, kò sí bí ẹ ṣe lè gbé e sókè, àwọn yòókù ni kẹ́ ẹ mú wálẹ̀ bá a: 1.5 ml fún Hibiki, 5.7 ml fún From the Barrel. Síríńjì 5 ml tí kò ní abẹ́rẹ́, tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì, ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí. Ṣíbí kò ṣeé gbára lé. Omi inú ìgò tí kò ní gáàsì ni kẹ́ ẹ lò, torí òórùn kòlórínì inú omi ẹ̀rọ máa ń bo ti wisikí. Tí ẹ bá ti bu omi sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10. Ó lè ṣú díẹ̀. Kò bàjẹ́ o; àwọn èròjà ọlọ́ràá inú rẹ̀ ló ń kóra jọ nígbà tí agbára ọtí wálẹ̀.

Ife mẹ́rin ló pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá ti di ìkarùn-ún, ahọ́n ti kú. Kí ife náà yọ ikùn kó sì fún lẹ́nu. Tọ́ńbílà ẹlẹ́nu gbàgàdà máa ń jẹ́ kí òórùn sá lọ. Omi gbígbóná nìkan ni kẹ́ ẹ fi ṣan ife náà gbẹ̀yìn, torí ọṣẹ ìfọwo máa ń fi òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ẹ ó wá máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ọtí lẹ ti gbọ́ ọ. Kí ẹlòmíì bá yín bu ọtí, kó lẹ nọ́ńbà mọ́ ìdí ife, kí ẹ má mọ èwo ni èwo. Ìgò Hibiki onígun 24 yẹn máa ń bá ojú sọ̀rọ̀ kí ọtí tó kan ẹnu, orúkọ Yamazaki náà sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ooru yàrá náà ń da ìdájọ́ rú ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Kí ọtí wà láàárín 20 sí 22 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Nínú yàrá tó ń gbóná dé 30, agbára ọtí nìkan ni á máa fò jáde nínú ife, imú á máa ta yín, ẹ ò sì ní gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé ìgò sínú abọ́ omi tútù fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì, òtútù ibẹ̀ máa ń ti òórùn mọ́ inú ọtí. Ọbẹ̀ ata, irú, pásítì ìfọyín, lọ́fínńdà: kí gbogbo wọn ti kúrò lára yín fún bíi wákàtí méjì.

Ẹ gbọ́ òórùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó mu ẹyọ kan. Ẹ la ẹnu díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ, kí etí ife wà lábẹ́ imú, kó má wọnú imú. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá mu díẹ̀díẹ̀, bíi 3 ml, kẹ́ ẹ jẹ́ kó yí ahọ́n ká kí ẹ tó gbé e mì. Ife àkọ́kọ́ kì í rí ìdájọ́ òdodo gbà, torí ẹnu kò tíì mọ́ra. Nítorí náà, tí ẹ bá ti lọ láti 1 dé 4, ẹ padà láti 4 dé 1. Èyí tó bá ní èéfín kò sí nínú lílọ àti bíbọ̀ yìí, òun ni kó gbẹ̀yìn. Yoichi ni kó kẹ́yìn gbogbo wọn, Hakushu, malt Suntory, náà ní èéfín díẹ̀ lára. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mu Yoichi, kò ní gbọ́ Hibiki mọ́.

Tí ẹ bá ti ṣe èyí, ọ̀rọ̀ á yí padà. From the Barrel á ṣì nípọn ju Hibiki lọ lóòótọ́, torí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti da malt (ọtí báálì tó hù) àti ọtí ọkà inú rẹ̀ pọ̀, wọ́n máa ń dá a padà sínú àgbá fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Ṣùgbọ́n Hibiki á ti dìde: ọsàn, oyin, òdòdó, àti ohun kan tó jọ tùràrí lọ́nà jíjìn. Ní tèmi, ní 43% sí 43%, Hibiki ló ní òórùn tó lẹ́wà jù, From the Barrel ló dára jù lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ fi yìnyín mu ún, From the Barrel ni kó rà, nítorí Hibiki kò ní agbára tó fi máa bá yìnyín jà.

Ní ti pé àdàlù lásán ni blend, ọwọ́ yín ni ẹ máa fi yanjú rẹ̀. Single malt ni ọtí ilé ìpọntí kan ṣoṣo, tí wọ́n fi báálì tó ti hù nìkan ṣe. Blend ni malt tí wọ́n da ọtí ọkà mìíràn mọ́, àgbàdo ló sábà máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní pure malt, bíi Taketsuru, malt nìkan ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ ilé ìpọntí tó mú un wá ju ọ̀kan lọ. Ibi mẹ́ta ni Hibiki Harmony ti wá: malt Yamazaki, malt Hakushu, àti ọtí ọkà láti Chita. Suntory ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀, 43% ni gbogbo wọn, ẹ ò sì nílò ìṣirò kankan. Ẹ bu 10 ml Yamazaki sínú ife kan. Nínú ife kejì, ẹ bu 10 ml Yamazaki àti 10 ml Chita. Nínú ẹ̀kẹta, ẹ ṣe bíi ti èkejì, kí ẹ wá fi 2 ml Hakushu kún un. Ẹ dé wọn lórí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ife èkejì ni ẹ máa kọ́kọ́ fojú kéré. Chita fúnra rẹ̀ fúyẹ́, ó dùn díẹ̀, fàníllà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti bọ́ sínú Yamazaki, èso inú Yamazaki, tó ti há mọ́ra láàárín òórùn igi, á wá ṣí sílẹ̀. Ẹ máa gbọ́ píìṣì níbi tí ẹ kì í ti í gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Nínú ife ẹ̀kẹta, 2 ml Hakushu péré á mú òórùn ewé tútù wá sókè àti èéfín tí ẹ ò ní lè sọ pé ibí báyìí ló wà. Tí ẹ bá fi 5 ml sí i, Hakushu á gba gbogbo ife náà. Bí iṣẹ́ ẹni tó ń da ọtí pọ̀ ṣe rí nìyẹn, láàárín 2 ml àti 5 ml. Ẹ wá gbé Hibiki sí ẹ̀gbẹ́ tiyín. Tiwọn á ṣe déédéé ju tiyín lọ, nítorí pé kì í ṣe ọtí mẹ́ta ni wọ́n ń dà bí kò ṣe oríṣiríṣi àgbá láti ibi mẹ́ta náà.

Ohun tó fa èyí wà nínú bí iṣẹ́ náà ṣe rí ní Jàpáànì. Ní Skọ́tílándì, àwọn ilé ìpọntí máa ń ta àgbá fún ara wọn. Ẹni tó ń ṣe blend lè ra malt oríṣiríṣi lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì. Láàárín Suntory àti Nikka, irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí. Ìdí nìyí tí Yamazaki, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1923, fi ní ìkòkò bàbà oríṣiríṣi, tí àgbá rẹ̀ náà sì pọ̀ ní irú. Àwọn ilé kéékèèké ti ń yí èyí padà o: Mars àti Chichibu ti pààrọ̀ malt, wọ́n sì ti gbé ọtí jáde látinú rẹ̀ ní 2021.

Bí ó bá jẹ́ malt sí malt lẹ fẹ́, Yoichi àti Miyagikyo ló kọ́ni jù, nítorí ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni wọ́n, agbára wọn sì dọ́gba. Masataka Taketsuru, tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Skọ́tílándì ní 1918, ló dá Yoichi sílẹ̀ ní Hokkaido ní 1934. Iná èédú ni wọ́n ṣì ń dá sábẹ́ ìkòkò bàbà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń fi ṣọ́bìrì bu èédú sí i. Ìdí ìkòkò máa ń gbóná gan-an, ọtí inú rẹ̀ á jó díẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ló fa adùn sísun tó nípọn. Ní Miyagikyo, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1969 nítòsí Sendai, ooru tó ń jáde lára omi gbígbóná ni wọ́n fi ń mú ìkòkò gbóná, àwọn ìkòkò náà sì tóbi, wọ́n yọ ikùn, ọrùn wọn kọjú sókè. Ohun tó bá wúwo nínú ooru ọtí tó ń gòkè á ṣubú padà, èyí tó fúyẹ́ ló ń kọjá. Ápù àti òdòdó lẹ máa gbọ́. Taketsuru ni àárín méjèèjì. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó fún Yamazaki 12, ọ̀nà yìí ni kó gbà.

Yamazaki 12 fúnra rẹ̀ dára. Èso gbígbẹ, igi, atalẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà létòlétò. Ṣùgbọ́n ní April 2024, Suntory gbé iye tó yẹ kí wọ́n máa tà á ní Jàpáànì láti yẹ́ẹ̀nì 10,000 lọ sí 15,000, owó tí wọ́n sì ń dá lé e lókè òkun tún ju ìyẹn lọ fíìfíì. Kò sí ohun tó wà nínú ìgò náà tó dára ju Taketsuru ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú pẹ̀lú. Àwọn èèyàn máa ń ra ìgò òfìfo rẹ̀, a sì mọ ohun tí wọ́n ń rọ sínú rẹ̀.

Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò kí ẹ tó sanwó. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọtí líle ní Jàpáànì fi òfin ẹgbẹ́ kan lélẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2021, tí wọ́n sì fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láyè títí di òpin March 2024 láti fi tún ilé wọn ṣe. Kí ọtí tó lè jẹ́ Japanese whisky, ọkà tó hù gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, omi Jàpáànì ni kí wọ́n lò, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti pọn ọ́n, kó lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán níbẹ̀ nínú àgbá igi tí kò ju lítà 700 lọ, ibẹ̀ náà ni kí wọ́n ti rọ ọ́ sígò, kó má sì dín sí 40%. Òfin ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe òfin ìjọba. Nikka fúnra wọn sọ ọ́ ní gbangba pé From the Barrel kò bá a mu. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ọtí burúkú, àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Tí ẹ bá rí "world whisky" tàbí "world blended" lára ìgò, bíi ti Ao láti ọ̀dọ̀ Suntory tàbí Ichiro's Malt & Grain onílébẹ́ẹ̀lì funfun (White Label), ọtí ilẹ̀ òkèèrè wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún yín. Èyí tí mo kórìíra ni ìgò tó ya òkè yìnyín àti lẹ́tà Jàpáànì sára, tí kò dárúkọ ilé ìpọntí kankan.

Àwọn ilé tuntun bíi Akkeshi, Kanosuke àti Shizuoka ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ọtí wọn ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń jáde ní nǹkan bí 50% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn báálì tútù àti ohun tó jọ páànù, èwe ni. Omi díẹ̀ máa ń tán an. Kanosuke, tó wà létí òkun ní Kagoshima níbi tí ooru pọ̀, ti tètè gba adùn igi, òun ni mo máa kọ́kọ́ fi lé ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí lọ́wọ́.

Ìgò tó bá ti kù díẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ má fi í wé èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Afẹ́fẹ́ ti mú òórùn rẹ̀ lọ. Ẹ dà á sínú ìgò kékeré tó máa kún dé ọrùn.

Fún ẹ̀gbọ́n tó béèrè: ẹ má tíì ra Yamazaki 12. Ẹ ra Chita, kí ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ dáwó ra Yamazaki tí kò kọ ọdún sára àti Hakushu kan. Ohun tó bá kù nínú Chita, ẹ fi ṣe highball: ife gígùn tó kún fún yìnyín, 30 ml ọtí, 100 sí 120 ml omi sódà tó tutù dáadáa, tí ẹ rọra dà sí ẹ̀gbẹ́ ife kí gáàsì rẹ̀ má tán, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Hibiki yẹn náà á mọ́gbọ́n dání níbẹ̀, bí ẹ kò bá tíì dárí jì í.