Báwo ni a ṣe ń yí AC (nọ́ńbà ààbò) ẹ̀dà kejì eré Dungeons & Dragons sí ti ẹ̀dà kẹta?

Yọ AC àtijọ́ kúrò nínú 20. Ohun tó bá kù ni AC tuntun. Nínú ẹ̀dà kejì (1989), bí AC bá ṣe ń kéré sí i ni ààbò ń le sí i: ẹni tí kò wọ ìhámọ́ra ní 10, ẹni tó wọ ẹ̀wù ẹ̀wọ̀n irin ní 5. Ẹ̀dà kẹta (2000) dojú rẹ̀ dé, nítorí náà 5 di 15.

Bákan náà ni THAC0 (iye tó yẹ kí dáìsì mú wá kí a tó lè ba ẹni tí AC rẹ̀ jẹ́ 0): yọ ọ́ kúrò nínú 20, o ti rí àfikún ìkọlù nìyẹn, iye tí a ń fi kún ohun tí dáìsì bá mú wá ní ẹ̀dà kẹta. Jagunjagun tí THAC0 rẹ̀ jẹ́ 17 gbọ́dọ̀ rí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí dáìsì olójú 20 kó tó lè ba ẹni tí AC rẹ̀ jẹ́ 5. Ní ẹ̀dà kẹta, ẹni tí àfikún rẹ̀ jẹ́ 3 ṣì nílò 12 yẹn náà láti ba ẹni tí AC rẹ̀ jẹ́ 15.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni AC tó wà nísàlẹ̀ òdo: −2 di 22, kì í ṣe 18. Ìhámọ́ra +1 pẹ̀lú, ńṣe ló ń dín AC àtijọ́ kù.

Ìṣirò yìí kò bá ẹ̀dà karùn-ún mu: ẹ̀wù ẹ̀wọ̀n irin jẹ́ 16 níbẹ̀, apata sì ń fi 2 kún un dípò 1 ti ẹ̀dà kejì.