Wọ́n ti dí ihò ọkàn ọmọ mi. Kí ló dé tí wọ́n tún ní ká lọ ṣe echo?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa ní Kubwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Echo ni àyẹ̀wò tó ń fi àwòrán ọkàn hàn lójú ẹ̀rọ.

Echo àkọ́kọ́ ni wọ́n fi mọ ibi tí ihò wà, bó ṣe fẹ̀ tó, àti bí ẹ̀jẹ̀ tó ń ya wọ ẹ̀dọ̀fóró ṣe pọ̀ tó. Èyí tó tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jò létí ibi tí wọ́n dí, bóyá àwọn fáàfù (ilẹ̀kùn inú ọkàn) ń pa dé dáadáa, àti bóyá omi ti kó jọ yí ọkàn ká. Omi yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ó lè dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí ẹ ti padà sílé. Bí ọmọ bá ń mí hẹlẹ, tí kò jẹun, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Ẹ gbé e lọ sọ́sìbítù lójú ẹsẹ̀.

Echo kò ní ìtànṣán, ìró ló ń lò. Pupa àti búlúù tí ẹ óò rí lójú ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́ o: pupa ni ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ síhà ohun kékeré tí wọ́n ń gbé lé àyà ọmọ, búlúù ni èyí tó ń lọ kúrò níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ Tetralogy of Fallot ni (àbùkù ọkàn mẹ́rin tí wọ́n bí mọ́ ọmọ pọ̀), títí ayé ni àyẹ̀wò, torí fáàfù ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró sábà máa ń jò bọ́dún ṣe ń gorí ọdún. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, ni wọ́n fi ń wọn bí yàrá ọ̀tún ọkàn ṣe fẹ̀ tó.

Ẹ kó èsì echo àtijọ́ dání.